Mọ́nítọ̀ olówó gọbọi: ibi tí owó náà ń lọ, àti ibi tí kò yẹ kó lọ

Ẹ jẹ́ n ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ nítorí ẹni tó ń kánjú. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni tí yóò tún yẹ àwọ̀ inú iṣẹ́ yín wò lẹ́yìn tó bá ti kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ má wulẹ̀ ra mọ́nítọ̀ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ẹ ra èyí tó dára níwọ̀nba, kí ẹ fi díẹ̀ lára owó tó kù ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn àwọ̀, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ. Àmọ́ bí iṣẹ́ yín bá ń lọ sí ilé ìtẹ̀wé, tàbí bí oníbàárà bá lè dá aṣọ padà nítorí pé pupa tó rí lórí fọ́tò kọ́ ni pupa tó bá nínú páálí, ọ̀rọ̀ ti di ọ̀tọ̀ nìyẹn. Apá kejì yìí ni iṣẹ́ tèmi wà: mo ń tún fọ́tò ṣe fún ìwé àti kátálọ́ọ̀gì. EIZO ColorEdge CG2700S, oní-íǹṣì 27, ló wà lórí tábìlì mi báyìí. Àwọn mọ́nítọ̀ olówó pọ́ọ́kú ni mo fi ṣiṣẹ́ jẹun ṣáájú rẹ̀.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i kì í gbà pé òun ló gba gbogbo owó yẹn. Ara rẹ̀ dúdú, ó nípọn, ojú rẹ̀ kò dán. Bí mo bá gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fóònù ló ń tàn yanran tí pupa rẹ̀ ń pọ́n fòò. Ọwọ́ mi ni mo fi rẹ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 100 cd/m² (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ojú mọ́nítọ̀), nítorí bébà kì í tan ìmọ́lẹ̀ jáde. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé lójú mọ́nítọ̀ tó ń tàn yòò, fọ́tò tó ṣókùnkùn ni yóò máa gbà padà láti ilé ìtẹ̀wé, yóò sì máa bú atẹ̀wé.

Ibi tí owó náà wọlé sí gan-an kì í hàn lójú fọ́tò tó rẹwà. Ẹ ṣí ojú ìwé kan lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi àwọ̀ eérú kùn ún láti etí dé etí, kí ohunkóhun mìíràn má sí níbẹ̀, kí ẹ wá pa iná yàrá. Lórí mọ́nítọ̀ mi àtijọ́, igun òsì lókè ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, apá ọ̀tún ń fà sí àwọ̀ ewé, ìsàlẹ̀ sì ṣú ju àárín lọ. Eérú kan ṣoṣo, ojú mẹ́ta. Ká wá sọ pé fọ́tò ìyàwó àti ọkọ ló wà níwájú mi, tí ìyàwó wà lápá òsì: n óò máa yọ pupa kúrò lójú ìyàwó, pupa tí kò sí níbẹ̀ rárá. Bí mo bá sì ti fa fọ́tò náà lọ sí apá kejì, ojú rẹ̀ á di ti aláìsàn. Lórí CG yìí, eérú náà dúró sójú kan. Wọ́n ti wọn ojú mọ́nítọ̀ kọ̀ọ̀kan níbi púpọ̀ nílé iṣẹ́ kí wọ́n tó dì í sínú páálí, ẹ̀rọ inú rẹ̀ sì ń ṣe àtúnṣe sí ibi tó bá ṣú àti ibi tó bá pọ́n. Àtúnṣe yìí ń jẹ nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, torí ibi tó mọ́lẹ̀ jù ni wọ́n ń rẹ̀ sílẹ̀ kó lè bá ibi tó ṣú dọ́gba. Mo fara mọ́ ọn. Ìdọ́gba yìí nìkan ti tó mi í san owó fún, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí i nínú ìpolówó kankan, torí ta ni yóò fi ojú ìwé eérú polówó ọjà?

Ohun kejì ni apá kékeré kan tó fara pamọ́ sínú férémù òkè. Lóru, tí mo bá ti pa kọ̀ǹpútà, tí ojú mọ́nítọ̀ sì ti gbóná dáadáa, apá náà á rọra yọ jáde, á wọn àwọ̀ tí mọ́nítọ̀ ń gbé wá síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì padà sí ibùgbé rẹ̀. Èmi kì í mọ̀ ọ́n lára. Mọ́nítọ̀ gbogbo ló ń yí padà bó ṣe ń dàgbà: iná ẹ̀yìn rẹ̀ ń kú díẹ̀díẹ̀, funfun rẹ̀ sì ń yí lọ sọ́dọ̀ ìyeyè. Ojú ènìyàn kì í rí i, torí ojú ti bá a yí lọ. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ní oṣù kìíní tó tún ṣí fáìlì kan náà ní oṣù kẹjọ lórí mọ́nítọ̀ lásán, ohun mìíràn ló ń wò, kò sì ní mọ̀.

Ìyàtọ̀ kan tún wà nínú bí àtúnṣe náà ṣe ń ṣẹlẹ̀, ó sì yẹ ká dúró lé e lórí. Lórí mọ́nítọ̀ lásán, inú káàdì àwòrán kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ àtúnṣe sí. Ìpele 256 péré ni pupa, ewé àti búlúù kọ̀ọ̀kan ní nínú àmì 8-bit, ìyẹn ló fi di àwọ̀ mílíọ̀nù 16.7. Bí ẹ bá yọ díẹ̀ níbí láti fi ṣe àtúnṣe, tí ẹ tún yọ díẹ̀ lọ́hùn-ún, ìpele tó kù kò tó 256 mọ́. Ojú ọ̀run ló máa ń tú u fó: dípò kí búlúù rẹ̀ rọra ṣí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó di ìlà gbọọrọ gbọọrọ. Àwọn mọ́nítọ̀ bíi ColorEdge, BenQ SW àti àwọn kan lára ASUS ProArt ń kọ àtúnṣe sínú tábìlì nọ́ńbà tó wà nínú ara wọn, tó ní ìpele púpọ̀púpọ̀ ju èyí lọ; 16-bit ni ti ColorEdge. Kọ̀ǹpútà ń fi gbogbo ìpele rẹ̀ ránṣẹ́, mọ́nítọ̀ ló ń tò wọ́n. Ojú ọ̀run mi kì í là mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń tajà kì í sọ. Mọ́nítọ̀ tó gba àwọ̀ púpọ̀ lè ba iṣẹ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò jẹ́. sRGB tí HP àti Microsoft gbé jáde ní ọdún 1996 ni ìwọ̀n àwọ̀, ìyẹn ààlà àwọ̀ tí fáìlì lè gbé, tí ọ̀pọ̀ àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò. Adobe RGB ti ọdún 1998 fẹ̀ jù ú lọ, pàápàá lápá ewé àti búlúù tó fara pẹ́ ewé, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti lè tẹ àwọ̀ tí sRGB kò lè gbà. P3, tó ti ilé sinimá wá, fẹ̀ lápá pupa. Bí ẹ bá wá gbé àwòrán sRGB sórí mọ́nítọ̀ tó fẹ̀ báyìí nínú ètò tí kò ka ìwọ̀n tó wà nínú fáìlì sí, ojú gbogbo ènìyàn á pọ́n bí ẹni tí oòrùn pa. Ẹni tó ra ọjà náà á ní ó dára, ó ń dán. Bó bá yá, á dín pupa náà kù lórí ẹ̀rọ rẹ̀, á fi í ránṣẹ́, oníbàárà wá rí ojú tó ṣá bí òkú lórí fóònù tirẹ̀. Ẹni tí kò bá ní kọ́ bí a ṣe ń ṣètò ìwọ̀n àwọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, mọ́nítọ̀ sRGB tó péye sàn fún un ju olówó gọbọi lọ. Kò sí àbùkù níbẹ̀.

Nínú ìpolówó, ohun mẹ́ta ni mo máa ń fo kọjá. Àkọ́kọ́ ni DisplayHDR 400, àmì-ẹ̀rí pé mọ́nítọ̀ lè gbé ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn tó jìnnà síra: kò béèrè pé kí iná ẹ̀yìn lè kú níbì kan kó sì tàn níbòmíràn, torí náà dúdú rẹ̀ kò ju ti mọ́nítọ̀ lásán lọ. Èkejì ni àwọ̀ bílíọ̀nù kan: ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ 8-bit tó ń yára ṣẹ́jú láàárín ìpele méjì kó lè jọ 10-bit. Èyí kò burú, ojú kì í sábà rí i, àmọ́ kò yẹ kí wọ́n gba owó kún un. Ẹ̀kẹta ni ìdá 125 nínú 100 sRGB, tó lè jẹ́ pé pupa ló pọ̀ jù nígbà tí ewé kò pé. Nọ́ńbà tí mo máa ń wá ni Delta E, ìyẹn ìyàtọ̀ láàárín àwọ̀ tí a béèrè àti èyí tó jáde. Bí ó bá wà lábẹ́ 1, agbára káká ni ojú fi lè rí ìyàtọ̀ kankan. Láti ọwọ́ ẹni tó wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀ ni kí ẹ sì ti gbà á.

Ó kan àwọn èlò tí wọ́n ń tà mọ́ ọn. Ibí ni ìnáwó àpà pọ̀ sí.

Gbogbo wa la rántí ọdún 2019, nígbà tí Apple gbé Pro Display XDR jáde ní 4,999 dọ́là láìní ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dá dúró ní 999 dọ́là. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹsẹ̀, tó fẹ́ gbé e kọ́ sára apá irin, á san 199 fún irin pẹlẹbẹ tí wọ́n á fi dè é, ohun tí ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ mìíràn ní lẹ́yìn wọn lọ́fẹ̀ẹ́: ihò mẹ́rin VESA tó jìnnà síra ní mílímítà 100. Nígbà tí Studio Display dé ní 2022 ní 1,599 dọ́là, ẹ ní láti fi 400 kún un kó tó lè lọ sókè sódò, ìgbà tí ẹ bá ń rà á náà ni ẹ gbọ́dọ̀ pinnu, torí ẹsẹ̀ náà kò ṣe é pààrọ̀ nílé. Èyí kò sọ pé ojú àwọn mọ́nítọ̀ náà kò dára o. Studio Display jẹ́ 5K lórí íǹṣì 27, píksẹ́lì (ẹyọ àmì kékeré tó ń di àwòrán) 218 nínú íǹṣì kan, lẹ́tà rẹ̀ mú rekete. Tèmi jẹ́ 109 péré, mo sì ń jowú wọn bí mo bá ń kàwé. Ṣùgbọ́n wọ́n fi XDR wé mọ́nítọ̀ ìtọ́kasí àwọn onífíìmù tó gba ju 40,000 dọ́là lọ, ọ̀nà sì jìn. Agbègbè iná 576 ló wà lẹ́yìn píksẹ́lì tó lé ní mílíọ̀nù 20, kálukú ń ru píksẹ́lì tó lé ní 35,000. Bí ìràwọ̀ bá yọ lójú ọ̀run dúdú, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò.

Ẹ̀rọ ìwọ̀n àwọ̀ ni èlò kan tí mo lè fi gbogbo ẹnu sọ pé kí ẹ rà, kódà kí mọ́nítọ̀ yín jẹ́ èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ lọ́jà. Ti Calibrite wà, tó gba ipò àwọn ẹ̀rọ X-Rite fún oníṣẹ́ fọ́tò ní 2021, Spyder ti Datacolor náà wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tó 300 dọ́là. DisplayCAL, ètò tó lè darí ọ̀pọ̀ nínú wọn, jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ jẹ́ kí mọ́nítọ̀ tàn fún ìdajì wákàtí kí ẹ tó gbé e lé e lójú. Mo gbé ọ̀kan lé mọ́nítọ̀ mi àtijọ́, funfun rẹ̀ tó ti ń fà sí búlúù padà sí D65, ìyẹn funfun tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Igun rẹ̀ tó ń pọ́n kò yí padà, torí àárín nìkan ni ẹ̀rọ náà ń wọ̀n, ṣùgbọ́n àárín ti di ohun tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìbòjì tó ń bo ojú mọ́nítọ̀ lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ wúlò bí fèrèsé bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Páálí dúdú tí ẹ fi ọ̀bẹ gé ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Apá irin dára fún ọrùn, kò kan àwọ̀. Wáyà ni kí ẹ máà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tàn yín: wáyà HDMI tí wọ́n fi góòlù bọ́ ẹnu rẹ̀ kò lè mú pupa pọ́n sí i. Bí àmì kò bá dé, ojú mọ́nítọ̀ á ṣókùnkùn lójijì tàbí kó máa ta yẹ́tuyẹ̀tu, kò ní kàn ṣá. Bí dúdú yín bá dà bí eérú lórí HDMI, ẹ lọ wo ètò káàdì àwòrán: ó ṣeé ṣe kó máa fi ìwọ̀n 16 sí 235 ti tẹlifíṣọ̀n ránṣẹ́ dípò 0 sí 255. Àtúnṣe ìṣẹ́jú kan, kò gba kọ́bọ̀.

Ẹjọ́ tí mo ní sí CG náà kò pọ̀. Ó lọ́ra fún géèmù, 60 Hz ni, ìyẹn àwòrán 60 péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Dúdú rẹ̀ kò dúdú bíi ti OLED, tí píksẹ́lì rẹ̀ ń tan iná tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì hàn bí mo bá ń wo fíìmù lóru. Ṣùgbọ́n wárántì ọdún 5 wà lórí rẹ̀, èyí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún mi. Ilé iṣẹ́ tó ṣe èyí tí mo lò ṣáájú, tí n kò ní dárúkọ, sọ pé píksẹ́lì tó kú lójú rẹ̀ kò tíì pé iye tí àwọn fi ń pààrọ̀ ọjà. Àárín gbùngbùn ló sì kú sí, lójú ẹni tí mò ń tún fọ́tò rẹ̀ ṣe.

Ẹni tí owó tuntun bá pọ̀ jù fún lè wá àlòkù. ColorEdge ń ka iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́, ó sì ń fi hàn nínú àwọn ètò rẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣí i níwájú yín. Ẹ béèrè ojú ìwé eérú, ẹ sì jẹ́ kí ìdajì wákàtí pé kí ẹ tó wò ó, torí mọ́nítọ̀ tútù lè bo àléébù mọ́ra. Bí ẹni náà bá ní òun kò ní àyè fún ìdajì wákàtí, ẹ wá ti ẹlòmíràn lọ.