Eyam: ẹ fún wa láyè dé ibojì Riley

Ibojì Riley, níbi tí wọ́n sin ìdílé kan tí àjàkálẹ̀-àrùn pa sí lẹ́bàá abúlé Eyam ní England, wà nínú ohun tí wọ́n kọ sójú ewé ìkànnì tí mo ti sanwó ìrìn-àjò afẹ́ yìí. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí ọmọbìnrin tó ń mú wa kiri ní kò sí lára ibi tí a máa dé. Mo ṣí fóònù, mo fi hàn án. Ó ní, "Àwọn ará ọ́fíìsì ló kọ ìyẹn." Mo ní ṣé ọ́fíìsì tiyín kọ́ ni? Kò dáhùn. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó pe màmá mi lórúkọ gbàǹgbà, ó ní kí wọ́n má pẹ́ o, ìṣẹ́jú 45 péré ló kù. Màmá mi, ẹni ọdún 71! Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn níbí nìyẹn, síbẹ̀ ó dùn mí wọra.

£38 ni mo san lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan láti Manchester. Bọ́ọ̀sì mọ́ tónítóní. Ọmọbìnrin yẹn sì mọ ìtàn, mi ò ní fi dù ú. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti sọ bí wọ́n ṣe ní aṣọ tútù tí télọ̀ kan gbà láti London ní 1665 ló kó àjàkálẹ̀-àrùn wọ abúlé, àti bí àlùfáà wọn, Mompesson, pẹ̀lú Stanley tó ti ṣe àlùfáà níbẹ̀ rí, ṣe bẹ̀ wọ́n ní 1666 pé kí ẹnikẹ́ni má jáde, kí àrùn náà má baà ran àwọn abúlé tó kù. Wọ́n gbà. Catherine, ìyàwó Mompesson, kú nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n Òkúta Ààlà, níbi tí wọ́n ti ń da ọtí kíkan sínú ihò kí wọ́n tó fi owó oúnjẹ síbẹ̀, kí àrùn má baà bá owó náà jáde, a ò fojú kàn án.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ń fa ajá lọ ló gbọ́ ohùn mi. Wọ́n ní àwọn ń lọ sápá Riley, kí a kálọ. Nǹkan bí ìdajì máìlì ni, òkè ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Bàbá fún màmá mi ní ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn.

Ògiri òkúta kékeré ló yí àwọn ibojì náà ká láàárín pápá. Ní Ògọ́sítì 1666, Elizabeth Hancock fọwọ́ ara rẹ̀ sin ọkọ àti ọmọ 6 síbẹ̀, láàárín ọjọ́ 8. Bí mo ṣe túmọ̀ rẹ̀ tán, màmá mi dákẹ́. Wọ́n ṣa koríko kúrò lára òkúta kan, wọ́n ń fi ìka tọ lẹ́tà ara rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú, wọn ò jẹ́ kí màmá mi mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Màmá mi wá bi mí pé, "Ta ló rẹ obìnrin yìí lẹ́kún?" Mo bi bàbá. Wọ́n ní ó ku ọmọkùnrin kan ní Sheffield, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló lọ.

A fi ìṣẹ́jú 20 pẹ́. Ọmọbìnrin yẹn ti ní kí bọ́ọ̀sì máa lọ. Dẹ́rẹ́bà ló pa iná ọkọ̀, tó ní òun ò lọ, tó sọ̀ kalẹ̀ wá di màmá mi lápá mú gòkè. Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì wọn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwọn yóò dá £5 padà, n kò tíì rí i.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Èmi ìbá fún wọn ní 1. Màmá mi ló ní kí n má jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà yẹn jìyà ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì.