How the West Was Won: alẹ́ méjì tí Jimmy Page rán pọ̀

Àwo orin ojú agbo Led Zeppelin, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó jáde ní 1976, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní New York, ni mo kọ́kọ́ rà. Ó rí lẹ́nu mi bí ẹ̀kọ tí kò dì. Ìdí nìyẹn tí mo fi pẹ́ kí n tó náwó sí How the West Was Won, àwo ojú agbo wọn mìíràn. Mo pẹ́ jù.

Jimmy Page, onígìtá wọn, ló jókòó ti àwọn téèpù àtijọ́, tó ṣa orin láti inú òde méjì tí wọ́n ṣe ní California lóṣù Kẹfà 1972: Los Angeles Forum lọ́jọ́ 25, Long Beach Arena lọ́jọ́ 27. Ó tò wọ́n sórí sídì 3, ó gbé e jáde ní 2003, nígbà tí John Bonham onílù ti kú láti 1980. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, alẹ́ kan ṣoṣo lẹ máa pè é. Mo tẹ́tí sí àtẹ́wọ́ èrò láàárín orin sí orin, mo dá a padà lẹ́ẹ̀mẹrin, n ò rí ojú ibi tó ti rán an. Àwọn kan á ní ẹ̀tàn ni. Èmi o, bí agbádá bá ti bá mi mu, n kì í bi télọ̀ pé ìgàn mélòó ló gé.

Ìró kan ń hùn bí oyin níbẹ̀rẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 14 lọ, ni Immigrant Song bá já wọlé, Robert Plant akọrin wọn figbe ta, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi bọ́ sínú Heartbreaker láìmí. Èmi nìkan nínú yàrá, mo dìde dúró. Nígbà tó yá wọ́n jókòó, John Paul Jones, ọ̀kan nínú wọn, mú màńdólínì, ohun olókùn tó kéré sí gìtá, Going to California wá tutù bí omi àmù.

Dazed and Confused ni tèmi kò gbà tán. Ìṣẹ́jú 25! Page ń fi ọ̀pá fáólíìnì fa okùn gìtá bí onígòjé, ó dùn, àmọ́ ó ti ṣe é tán kó tó ṣíwọ́.

Moby Dick ńkọ́? Ìlù Bonham fún ìṣẹ́jú 19. Ẹni tó bá ti dúró nídìí dùndún lóde ìyàwó rí á máa retí omele tó máa gbè é, kò sì ní í rí i. Ìyá ìlù ń dá sọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ibi tí ìró náà ti rọ̀, bí ẹni tó fọwọ́ lásán lù ú, mo sún mọ́ ẹ̀rọ.

Sídì kejì tèmi ti ha, ẹni tó tà á fún mi kò gbé ìpè mi mọ́. Àárín ìlù Bonham gan-an ló ti ń fò. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi rò pé bó ṣe lù ú nìyẹn.