Owó Ilé Ìwòsàn àti Owó Adójútòfò Ìlera Lójú Òfin Owó Orí
Télọ̀ tó dá dúró ní Nyanya, l'Ábùjá, lè sanwó ilé ìwòsàn nígbà tí àìsàn bá dé, ó sì lè máa dáwó sí ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀. Lábẹ́ òfin owó orí ọdún 2025, ìnáwó ara ẹni ni ti àkọ́kọ́, kò ṣeé yọ. Èkejì ni a ń yọ kúrò nínú èrè kí a tó ṣírò owó orí. Bí èrè rẹ̀ bá jẹ́ ₦2,000,000, tí ó sì dá ₦60,000, owó orí rẹ̀ yóò fi ₦9,000 dín (kì í ṣe ₦60,000 o), nítorí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà lórí ohun tó lé ní ₦800,000 níbẹ̀. Ẹni tí èrè rẹ̀ kò ju ₦800,000 lọ kò jẹ owó orí rárá. Ìtọ́jú nìkan ni owó adójútòfò tó ń dá ń rà fún un.