Wọ́n gbé Enterprise mi dé Abẹ́òkúta láìsí ẹsẹ̀

Ẹni tó bá ń kó àwọn ọkọ̀ ojú sánmà kéékèèké ti Star Trek, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà nì, jọ mọ bí ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Enterprise-D ṣe rí. Òun ni Eaglemoss, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n, fi bẹ̀rẹ̀ ní 2013, tòun ti ìwé ìròyìn tirẹ̀. Ohun tí ojú mi rí lọ́dọ̀ àwọn akẹ́rù tó bá mi gbé e láti London wá sí Ìbarà ni mo fẹ́ sọ.

Ẹni tó tà á fún mi ti fi fọ́tò páálí ránṣẹ́: téèpù funfun ló fi dì í. Téèpù pupa ni mo bá lára rẹ̀. Mo tú u lórí káńtà wọn níbẹ̀. Ọkọ̀ wà, ìwé ìròyìn wà, ẹsẹ̀ tó ń gbé e dúró ò sí.

Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ wò ó. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ṣebí nǹkan ìṣeré ọmọdé ni? Ọkọ̀ yín kúkú pé."

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ike ni ẹsẹ̀ yẹn, ó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ara ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ṣe ẹnu rẹ̀ bá mu. Ti ọkọ̀ àwọn Klingon, ẹ̀yà àjèjì kan nínú eré náà, ò lè gbá Enterprise mú. Láti 2022 ni Eaglemoss ti kógbá wọlé. Ta ni mo fẹ́ ní kó fún mi ní òmíràn?

Mo ní kí wọ́n pe ọ̀gá wọn. Kò tiẹ̀ kí mi kó tó nawọ́ sí ìwé: "Ẹ ti buwọ́ lù ú pé ẹ gbà á." Mo ní wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan páálí kí n tó buwọ́ lù ú. Ó ní bí àwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn, ló bá wọlé lọ.

Màmá kan tó ń to ẹrù lẹ́yìn ló gbọ́ ohùn mi. "Ọmọ mi, kí ló sọnù gan-an?" Mo fi fọ́tò hàn án. Ó bi mí bó ṣe gùn tó, ó bi mí bóyá dúdú ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní òjò pa páálí àkọ́kọ́, wọ́n sì ti pààrọ̀ rẹ̀. (Ẹnì kankan ò sọ èyí fún mi látàárọ̀!) Ó fa àpò ìdọ̀tí wọn jáde, ó kúnlẹ̀ tì í, ó ń fọwọ́ tẹ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà kúnlẹ̀. Inú fóòmù kan tó ti ya ló ti yọ ọ́. Kò sán, kò fọ́. Ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún kó tó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Inú mi dùn kọjá sísọ. Mo gbé ọkọ̀ lé e lórí káńtà, ọmọbìnrin yẹn dìde wá gbé e wò. "Háà, irin ni! Ó mà wúwo o." Mo fi ibi tí wọ́n ti lo irin àti ibi tí wọ́n ti lo ike hàn án, ó sì ń béèrè ìbéèrè gidi.

Wọ́n ṣì gba owó páálí tuntun lọ́wọ́ mi o. Páálí tí mi ò ní kí wọ́n rà! Inú ṣì ń bí mi sí èyí. Màmá yẹn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Bí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀dọ̀ wọn, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fún yín fi téèpù so ẹsẹ̀ mọ́ ike tí ọkọ̀ wà nínú rẹ̀. Bird-of-Prey mi, ọkọ̀ àwọn Klingon, ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.