Ricoh GR III lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sony A7 III: ṣé kámẹ́rà kékeré yìí tó owó rẹ̀?

Kò sí fọ́tò kan tí Ricoh GR III yà tí Sony A7 III kò ní yà dáadáa jù ú lọ, bí A7 III bá wà lọ́wọ́. "Bí ó bá wà lọ́wọ́" yẹn gan-an ni ìdí tí mo fi gbà pé ó yẹ kí oníṣẹ́ fọ́tò ní méjèèjì. Àìmọye fọ́tò ni a kì í yà torí pé kámẹ́rà ńlá, ìyẹn A7 III, wà nílé, tàbí ó wà nísàlẹ̀ báàgì, tàbí torí pé gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ti tún ojú ṣe kí a tó gbé e sókè. Iṣẹ́ GR III nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kó máa bá òun ṣe iṣẹ́ òwàḿbẹ̀, tàbí kó máa ya fídíò, kó tọ́jú owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé wọn lé ìwọ̀n. A7 III, tòun ti bátìrì àti mẹ́mọ́rì kádì, jẹ́ gíráàmù 650. Lẹ́ǹsì Tamron 28-75mm f/2.8 G2 jẹ́ 540. Ó di 1,190. GR III tòun ti bátìrì àti kádì jẹ́ 257. Ó fẹ̀ tó mìlímítà 109, ó ga tó 62, ó nípọn tó 33, nítorí náà ó ń wọ àpò ṣòkòtò jíǹsì, bí a bá sì jù ú sínú àpò agbádá, wíwá ni a ó máa wá a. Àwọn kan á ní kí ló dé tí a ò kúkú ra Sony A7C tó jẹ́ full-frame (sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi bíi ti A7 III), tí kò sì ju gíráàmù 509 lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì kan náà la ó fi sí i, gíráàmù 1,049 la ó sì gbé kọ́rùn níkẹyìn.

Sẹ́ńsọ̀ GR III, ìyẹn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, jẹ́ ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní APS-C, mìlímítà 23.5 sí 15.6. Ti full-frame jẹ́ 36 sí 24, ìyẹn ni pé ó fẹ̀ ju ti kékeré lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀. Nínú òkùnkùn, ìyàtọ̀ wọn ju stop kan (ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀) lọ díẹ̀: ariwo, ìyẹn àwọn èérún tó ń ba fọ́tò jẹ́, tí ẹ máa rí lójú fọ́tò GR III ní ISO 1600 (ISO ni bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè tó) fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ èyí tí A7 III máa fi hàn ní ISO 4000. Ṣùgbọ́n megapixel 24 ni àwọn méjèèjì, a lè tẹ̀ wọ́n jáde ní ìwọ̀n kan náà nínú álíbọ́ọ̀mù kan náà láìsí pé oníbàárà mọ èwo ni èwo. Ìdí tí mi ò fi yan Sony RX100 VII nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé zoom rẹ̀ lọ láti 24 dé 200: sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kò ju 13.2 sí 8.8 lọ, bíi ìdá kan nínú méje full-frame. Zoom sì rèé, kámẹ́rà ńlá ló ni iṣẹ́ yẹn. Fujifilm X100VI dára gan-an, lẹ́ǹsì f/2 ló ní (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ihò lẹ́ǹsì ṣe ń fẹ̀ tó), àmọ́ gíráàmù 521 ni, kò sì wọ àpò. Bó bá ti di pé a ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ńlá.

Lẹ́ǹsì GR III kò ṣeé yọ, kò sì ní zoom. 18.3mm f/2.8 ni, ohun tó ń rí sì dọ́gba pẹ̀lú 28mm lórí full-frame (bí nọ́ńbà mm bá ṣe kéré tó ni ibi tí lẹ́ǹsì ń rí ṣe ń fẹ̀ tó). Bí ẹ bá dúró ní mítà kan síwájú ènìyàn, tí ẹ ya fọ́tò tó dùbúlẹ̀, ó máa gba nǹkan bíi mítà 1.3 ní ìbú àti sẹ̀ǹtímítà 85 ní gíga, ìyẹn orí dé ìbàdí. Nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ súnmọ́ èèyàn. Ohun tó wà ní etí fọ́tò sì máa ń fẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìyá ìyàwó sí ìgbẹ̀yìn ìlà, orí rẹ̀ á gùn, wọn ò sì ní dárí jì yín. Ẹni tí 28mm bá fẹ̀ jù fún, GR IIIx wà láti 2021, òun ń rí bíi 40mm. Bí ó bá jẹ́ pé 16-35mm ló wà lórí ńlá yín, IIIx ni kí ẹ mú. Bó bá jẹ́ 85mm tàbí 70-200mm, GR III ni. Ó ní ètò tó ń gé fọ́tò sí 35mm àti 50mm, ṣùgbọ́n ní 35 ó ku megapixel 15, ní 50 ó ku 7. WhatsApp kò ní bínú sí ìyẹn, álíbọ́ọ̀mù ló máa bínú.

Ohun tó jẹ́ kí n fi ọkàn sí kámẹ́rà yìí ni Snap Focus. Nínú òkùnkùn, fókọ́sì GR III lọ́ra, ó máa ń lọ síwá sẹ́yìn kó tó mú. Snap Focus kì í wá nǹkan kan. Ẹ ó ti sọ fún un ṣáájú pé mítà mélòó ni kó máa mú, ó sì máa ń fo síbẹ̀ tààrà. Bí a ṣe ń tò ó nìyí: nínú mẹ́nù, ẹ fi Snap Focus Distance sí mítà 2.5, kí ẹ tan Full Press Snap. Ẹ fi ihò lẹ́ǹsì sí f/8, kí ISO wà ní Auto, kó má kọjá 6400, kí ṣọ́tà (ìwọ̀n àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi ń wọlé) má sì lọ́ra ju 1/250 ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Láti ìgbà yẹn, bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì dé àárín, fókọ́sì lásán ló máa ṣe. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti yà á ní mítà 2.5. Ní f/8, ohun gbogbo láti nǹkan bíi mítà 1.2 títí dé ibi tí ojú lè rí dé ló máa mú. Nínú ọjà tó há, ẹ sọ ọ́ di mítà 1.5, ó máa mú láti sẹ̀ǹtímítà 90 dé nǹkan bíi mítà 4.6. Lálẹ́ tí ẹ bá ṣí ihò dé f/2.8, ibi tó mú máa dínkù gan-an: ní 2.5, láti 1.8 dé 4.1 péré. Ẹni tó bá wà níta ìyẹn kò ní hàn kedere. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń sọ pé Snap Focus kò ṣiṣẹ́, f/2.8 ni wọ́n fi ń lò ó.

Ṣọ́tà inú lẹ́ǹsì ni ó ní, nítorí náà, bí ẹ bá pa ohùn bọ́tìnnì, kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ. Ní Dùgbẹ̀ tàbí ní Balógun, A7 III á mú kí àwọn ìyá ọjà béèrè ilé iṣẹ́ tó rán yín wá. GR III kì í fa ọ̀rọ̀. Àmọ́ kékeré kì í ṣe ìwé àṣẹ o. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, níbi eégún, tàbí níbi ọdún Vodun ní Ouidah, ní Bẹ̀nẹ̀, lọ́jọ́ 10 Oṣù Kìíní, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó yọ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Lọ́sàn-án gangan, ìṣòro méjì ló máa ń bá a. Àkọ́kọ́, kò ní ihò tí a ń fi ojú wò, ojú ẹ̀yìn nìkan ló ní, oòrùn sì máa ń pa á. Outdoor View Setting wà nínú mẹ́nù, ẹ gbé e dé +2. Ẹni tó ń fi awò ìkàwé ríran á jìyà díẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Èkejì, ní f/2.8, ṣọ́tà rẹ̀ kò lè dé 1/4000, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ lè pọ̀ jù. ND, ìyẹn gíláàsì tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, wà nínú rẹ̀ fún stop méjì, ẹ fi í sí Auto kí ẹ gbàgbé rẹ̀. Ní ti aṣọ funfun lára ènìyàn dúdú, ètò wíwọn ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣọ́ ibi tó mọ́lẹ̀ jù lọ, Highlight, wà lára àwọn kámẹ́rà méjèèjì. Ẹ lò ó, kí ẹ ya RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe), kí ẹ wá fa ibi tó dúdú sókè lórí kọ̀ǹpútà. Ojú á padà hàn. Léèsì funfun tó bá ti jóná kò ní padà mọ́. Ní ti fíláàṣì, GR II ní tirẹ̀, GR III kò ní.

Bátìrì ni àìlera rẹ̀ tó hàn jù. DB-110 rẹ̀ máa ń ya nǹkan bíi fọ́tò 200 nípa ìwọ̀n CIPA, ìyẹn àjọ àwọn oníkámẹ́rà ní Japan. NP-FZ100 ti A7 III máa ń ya 610 bí ẹ bá ń fi ojú wo inú ihò, 710 bó bá jẹ́ ojú ẹ̀yìn. Ẹ ra DB-110 mẹ́ta. LI-90B àti LI-92B ti Olympus náà máa ń wọ̀ ọ́, wọ́n sì máa ń rọrùn láti rí. Ṣájà aládàádúró kò sí nínú páálí, inú kámẹ́rà ni ẹ ó ti máa ṣájì pẹ̀lú okùn USB-C. Ìyẹn kì í ṣe ohun burúkú, torí pé okùn kan náà ló ń ṣájì A7 III, power bank kan ló sì máa bọ́ àwọn méjèèjì nígbà tí iná bá lọ. Lọ́kọ̀ òfurufú, bátìrì tí kò sí nínú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe nínú ẹrù tí wọ́n ń gbà.

Ohun kan wà tí kì í hàn títí a ó fi délé: aago. Bí kámẹ́rà méjèèjì kò bá bára mu, Lightroom, sọ́fítíwíà tó ń to fọ́tò, á to ìkíni ṣáájú àbọ̀dé. Ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ tún aago wọn ṣe nígbà kan náà. Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ ń lo aago kan náà, ṣùgbọ́n Tógò fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Bí ẹ bá dé Lomé, ẹ má fọwọ́ kan aago èyíkéyìí. Ẹni tó bá yí ti ọ̀kan tó gbàgbé èkejì, Edit Capture Time nínú Lightroom ló máa gbà á. Ní ti àwọ̀, ẹ kúrò lórí Auto: 5500K fún oòrùn lórí méjèèjì. Nínú gbọ̀ngàn tí iná LED rẹ̀ kò jọra, ẹ ya káàdì aláwọ̀ eérú pẹ̀lú ìkọ̀ọ̀kan wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. RAW ti GR III jẹ́ DNG, kò nílò sọ́fítíwíà tuntun.

Eruku wá ńkọ́? Ibí ni ọ̀rọ̀ wà fún ẹni tó ń gbé nílẹ̀ wa. Lẹ́ǹsì GR III ń jáde, ó sì ń padà wọlé nígbàkigbà tí ẹ bá tàn án tàbí pa á, ó ń mí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, a kò sì dí i mọ́ eruku rárá. Lásìkò ọyẹ́, ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ ló máa fà mọ́ra. Ó ní ètò tó ń gbọn sẹ́ńsọ̀, ìyẹn á mú díẹ̀ kúrò. Èyí tó bá lẹ̀ kì í gbọ́, ẹ kò sì lè yọ lẹ́ǹsì kí ẹ fọn ọ́n bí ti A7 III. Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ di títú lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kí ẹ tó pa á, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá ara lẹ́ǹsì kó tó wọlé. Ẹ má tàn án lórí ọ̀kadà. Ẹ gbé e sínú ọ̀rá tó ń dì, kí ọ̀rá wà nínú àpò. Ẹ má sì fi afẹ́fẹ́ agolo fọn àlàfo etí lẹ́ǹsì, ẹ ń ti eruku wọlé sí i ni. Bó bá ti wọlé, láti f/2.8 dé f/5.6 kì í sábà hàn. Ní f/8 èyí tó tóbi ti ń yọjú lójú sánmà, èyí sì ni ìṣòro mi pẹ̀lú Snap Focus lóṣù Kejìlá.

GR IV ti jáde ní 2025. Ìpamọ́ inú rẹ̀ jẹ́ 53GB, ti GR III jẹ́ 2GB, bátìrì rẹ̀ sì ni DB-120, nítorí náà DB-110 tí ẹ ní kò ní bá a lọ. Bí ẹ bá ń wá GR III tòkunbọ̀ ní Computer Village, ẹ gbé kádì tiyín lọ. Ẹ tàn án, ẹ pa á, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ máa tẹ́tí. Ewé kékeré tó ń bo ojú lẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ pàdé pátápátá nígbà gbogbo. Ẹ yí róòdù ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀, kó má fo nọ́ńbà. Ẹ ki okùn USB-C bọ̀ ọ́ kí ẹ rí i pé ó ń ṣájì, kí ẹ yọ bátìrì wò bóyá ó ti wú. Lẹ́yìn náà ẹ fi sí f/16 àti ISO 100, ẹ ya ògiri funfun tàbí sánmà, kí ẹ fi fókọ́sì sí ibi tó jìnnà, kí ẹ sì súnmọ́ fọ́tò náà láti igun dé igun. Àmì dúdú kan létí, ẹ lè fi dú u lówó. Bó bá pọ̀ láàárín, tàbí tí ẹni tó ń tà á bá ní f/5.6 ló yẹ ká fi dán an wò, ẹ fún un ní kámẹ́rà rẹ̀.