Sáìtì ìdájọ́ ìlú Ọba: mo fún un ní ìràwọ̀ 4 nínú 5

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé kí ni mo ń wò lórí fóònù níbi iṣẹ́, ṣebí sáìtì Sentencing Council ti England àti Wales ni, àjọ tó ń kọ ìlànà ìyà ẹ̀ṣẹ̀ fáwọn adájọ́, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ò ní forúkọ sílẹ̀ rárá. 2010 ni àjọ yẹn bẹ̀rẹ̀, kó má lọ jẹ́ pé ẹni tó jalè ní Leeds á sanwó ìtanràn kí ẹni tó jí irú ẹ̀ ní Cardiff wá lọ ṣẹ̀wọ̀n.

Ojú ìwé olè jíjà ló dùn mọ́ mi jù. Wọ́n á kọ́kọ́ bi ẹ́ bí ẹ̀bi ẹni náà ṣe tó, ṣé òun lolórí wọn ni àbí ńṣe ni wọ́n fipá mú un, wọ́n á wá ní èló ni nǹkan ọ̀hún, tí ò bá tó £500 ìsàlẹ̀ ló máa ń wà tó bá ti ju £100,000 lọ ó ti dókè nìyẹn, ìgbà yẹn ni wàá wá rí iye ìyà tí adájọ́ á ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́wọ́ kíá wọ́n lè yọ ìdá kan nínú mẹ́ta ìyà ẹ̀. Ọdún 7 sì lòpin ẹ̀ lórí ẹ̀sùn kan.

Mo wá fi ẹjọ́ ilé wa wò ó. Ṣẹ́ ẹ rántí 2013? Kóòtù Òṣogbo ní kí ẹnì kan lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 45 lórí ọ̀rọ̀ fóònù gómìnà tó jí, lóòótọ́ ẹ̀sùn ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, àmọ́ ọdún yẹn náà ni Àbújá ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó kówó pẹ́ńṣọ̀n ọlọ́pàá jẹ, bílíọ̀nù o, ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2 tàbí kó san ₦750,000. Ó sanwó, ó gbalé ẹ̀ lọ! Àfìgbà tó di 2018 kí kòtẹ́milọ́rùn tó sọ ọ́ di ọdún 6, kó sì dá ₦22.9 bílíọ̀nù padà.

Ìràwọ̀ tí mo yọ, Scotland ò sí níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì lọ́yà tún pọ̀ jù. Tó bá le fún yín ẹ wá You be the Judge, ẹ ó wo fídíò ẹjọ́, ẹ ó mú ìyà tẹ́ ẹ rò pó tọ́, wọ́n á wá fi ti adájọ́ hàn yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo le ju adájọ́ lọ, ojú tì mí díẹ̀.

Ọ̀gá mi lọ́yà ti ní kí n tẹ tábìlì olè jíjà yẹn jáde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà, gbogbo kíláyẹ́ǹtì tó bá wọlé ló ń bi wá pé ṣé owó ọjà nìyẹn ni.