Búrẹ́dì Gbígbóná àti Ìkókoré Lábẹ́ Òrùlé Kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Aago 7 àárọ̀ ni wọ́n máa ń yọ búrẹ́dì àkọ́kọ́ kúrò nínú ààrò ní ilé búrẹ́dì kékeré kan tí kò jìnnà sí ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tí ó bá sì dé ibẹ̀ lẹ́yìn aago 9, èyí tí ó ti tutù ni yóò bá. Tábìlì márùn-ún péré ni ó wà nínú yàrá tí a ti ń jẹun. Ògiri tí ó pààlà sí àárín yàrá náà àti ibi tí ààrò wà kò nípọn, nítorí náà ooru iná igi a máa yà sí wa lára, èyí tí ó dára ní àárọ̀ ọyẹ́ ṣùgbọ́n tí kò ṣeé fara dà ní ọ̀sán.

Irú èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí búrẹ́dì Agége ni búrẹ́dì wọn. Bí wọ́n bá ti po ìyẹ̀fun tán, wọn a fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ léraléra, ìdí sì nìyí tí inú rẹ̀ fi ki, tí ó sì máa ń fà bí a bá ya á. Mo fi ẹ̀wà àgànyìn jẹ ẹ́. Ata díndín rẹ̀ dúdú dáadáa láìjóná.

Ṣùgbọ́n ìkókoré ni ó mú mi padà lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá tí ó ń dáná níbẹ̀ ni ó ń rin ewùrà fúnra rẹ̀, bí ó bá sì ti já a sínú ọbẹ̀ tí epo pupa, edé àti ẹja gbígbẹ ti ń hó, kò ní í fọwọ́ kan ìkòkò náà títí tí ewùrà yóò fi mú ara, nítorí pé ẹni tí ó bá kánjú rò ó, ẹ̀kọ ni yóò bá nídìí ìkòkò. Mo bèèrè fún ẹ̀bà tútù, bí a ti máa ń jẹ ẹ́ nílé wa. Ọmọbìnrin tí ó ń gbé oúnjẹ wò mí tìyanu-tìyanu, ṣùgbọ́n ìyá náà ti gbọ́ láti ilé ìdáná, ó sì ní kí wọ́n gbé èyí tí òun tẹ̀ sílẹ̀ láti àná fún mi. Gààrí Ìjẹ̀bú tí ó kan dáadáa ni.

Àwo ìkókoré pẹ̀lú pọ̀nmọ méjì jẹ́ ₦2,500, ó sì yó mi. Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé iye tí wọ́n kọ sára ògiri fún búrẹ́dì kò bá èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi mu. Wọ́n ní ìyẹ̀fun ti gbówó lórí. Ta ni kò mọ̀? Ṣùgbọ́n ẹfun ìkọ̀wé kan ṣoṣo ni yóò tún un kọ, ọmọ Ìjẹ̀bú kì í sì í fi ọ̀rọ̀ owó ṣeré.

Ọjọ́rú àti Sátidé nìkan ni wọ́n ń se ìkókoré, kì í sì í pẹ́ kọjá aago 1 ọ̀sán tí ìkòkò fi máa ń gbófo.